Imú ta ni wọ́n wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ awò ojú yìí ti ń ká mi lára láti ọjọ́ Sátidé. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jáde.

Ṣé ẹ rántí èyí tí mo gbé fọ́tò rẹ̀ síbí lóṣù tó kọjá, tí gbogbo yín ń bá mi yọ̀? Fírémù aláwọ̀ oyin, tí etí rẹ̀ dúdú, tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kan sọ. Nínú apá òsì rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i àfi ẹni tó ni ín, wọ́n fín máàpù òpópónà àdúgbò náà sí i, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní, ó dáa náà, wọ́n ti rántí irú wa.

Awò yẹn ò dúró lójú mi.

Igi imú mi ò ga. Imú mi fẹ̀, bíi ti ìyá mi, bíi ti ìyá tó bí ìyá mi. Fírémù ọ̀hún ò rí ibi dì mú, ńṣe ló ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ títí á fi jókòó lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbé e sókè. Bí mo bá tẹríba láti kàwé, àfi kí n yáa fi ọwọ́ gbá a mú. Irun ìpéǹpéjú mi ń gbá gíláàsì, ìgbà gbogbo ni mò ń nù ún. Lọ́jọ́ kan mo bọ́ ọ lálẹ́, mo wo dígí, mo rí ojú àpá pupa méjì lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, imú mi ò sì ní àpá kankan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ru awò tó yẹ kí imú rù.

Ni mo bá gbé e padà lọ bá àwọn tó tà á fún mi ní Sátidé. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn níwà, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kàn án. Ó ní, “Àǹtí, ẹ máa fi ìka tì í sókè, ó máa tó mọ́ yín lára.” Mo ní ṣé kò sí èyí tó bá imú mi mu ni, nínú irú rẹ̀ gan-an? Ó yí apá awò náà, ó fi nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ hàn mí: 50, 18, 145. Ó ṣàlàyé pé 50 ni fífẹ̀ gíláàsì kan, 18 ni àlàfo tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì, 145 ni gígùn apá, mìlímítà sì ni gbogbo rẹ̀. “Ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí náà ni wọ́n ṣe, mà.”

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹ̀gbẹ́ máàpù yẹn gan-an ni nọ́ńbà náà wà. Wọ́n fara balẹ̀ fín gbogbo òpópónà àdúgbò, títí dé kọ̀rọ̀ tí kò gùn ju èékánná lọ, wọn ò sì rántí wọn imú ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀.

Ó ní wọ́n lè bá mi lẹ tìmùtìmù kékeré mọ́ ibi imú, torí ásítéètì ni, irú ike kan, ara fírémù náà ni wọ́n ti gbẹ́ ibi tó ń jókòó lórí imú, kò ṣeé tẹ̀ bíi ti onírin. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi, tí wọ́n ní nítorí irú mi ni wọ́n ṣe ṣe é, èmi náà ni wọn yóò tún máa lẹ nǹkan fún?

Ẹ má wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ oge lásán ni. Awò ojú kì í ṣe yẹtí. Wọ́n wọn àárín gíláàsì sí ọ̀gangan ẹyinjú mi. Bó bá ti yọ̀ wálẹ̀, ibòmíràn ni mò ń gbà wo ayé.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ awò tó ti àdúgbò jáde lóòótọ́ wà. Hyman Moscot ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri ní Orchard Street, ní New York, ó ń ta awò fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1915, orúkọ ní Yiddish, èdè àwọn Júù àdúgbò náà, sì wà lára fírémù ilé iṣẹ́ rẹ̀ dòní. Ní Sabae, ní Jàpáànù, ọdún 1905 ni iṣẹ́ yìí wọ agbègbè náà kí àwọn àgbẹ̀ lè rí nǹkan ṣe nígbà òtútù. Bí awò bá ń yọ̀ lójú oníbàárà nírú ibẹ̀, mo gbà pé wọ́n á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ta ni màá lọ bá ní tèmi?

Mo ro gbogbo èyí fún àbúrò mi obìnrin lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí èyí tó bá imú yín mu rárá níbẹ̀?”

Ó wà. Abala ìsàlẹ̀ ni wọ́n tò ó sí, irú èyí tí àwọn kan kọ́kọ́ ń pè ní Asian Fit, ìyẹn èyí tó bá ojú àwọn ará Éṣíà mu, tí wọ́n wá ń pè ní Low Bridge báyìí, ìyẹn ti igi imú tí kò ga. Dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò lórúkọ àdúgbò, kò ní máàpù. Ọmọkùnrin yẹn nawọ́ sí i. N ò gbé ẹyọ kan wò.

Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan mọ́. Láàárọ̀ yìí, mo tún ṣí àpò awò náà, mo tún wo òpópónà tó wà nínú apá òsì rẹ̀. N ò tíì mọ̀ bóyá màá dá a padà.