Kì í ṣe páàkì ló kó ọ̀fìnkìn ran ọmọ yín o

Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ọdún 2025, ọjọ́ ńlá ni lọ́dọ̀ tiwa ní Peckham, ní London níbí. Aago ti fò síwájú lóru, aago kan òru kàn di aago méjì báyìí, wákàtí kan nínú oorun wa ti wọgbó, ọjọ́ yẹn náà làwọn òyìnbó ń ṣe ọjọ́ ìyá wọn, ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ìlú yìí ń ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí sì làwọn ẹbí ìyàwó mi, nítorí náà ìrẹsì ti wọlé láti ilé méjì kó tó di ọ̀sán. Lékè gbogbo ẹ̀, oòrùn yọ. Ẹni tó bá ti wà nílùú yìí láti oṣù kẹwàá á mọ ohun tí mò ń sọ, oòrùn tó ní ìgbóná díẹ̀ nínú, kì í ṣe èyí tó máa ń tàn bíi gílóòbù inú fíríìjì. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni oòrùn ràn jù nínú gbogbo oṣù kẹta nílẹ̀ England látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1910, mi ò lè jókòó sílé.

Mo kó àwọn ọmọ, mo mú Màámi tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta dání, ó di páàkì Peckham Rye.

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí jáńgílọ́fà tó fi bọ́ kóòtù ẹ̀ jù sílẹ̀. Ó ń sáré, ó ń gùn ún, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ wálẹ̀, òógùn ti wà lórí imú ẹ̀. Màámi wà lórí bẹ́ńṣì ní tiwọn, ìró méjì, súẹ́tà, kóòtù ìyàwó mi lórí ẹ̀, gèlè lórí fìlà.

"Àkànbí, wọ kóòtù fọ́mọ yìí."

"Màámi, ara ẹ̀ gbóná, ẹ fọwọ́ kàn án wò."

"Òtútù á wọ̀ ọ́ lára. Tó bá dalẹ́, o ó wá ròyìn fún mi."

Ó dalẹ́, mo ròyìn. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí ọmọ fi sín, ó tún sín, ikun imú bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Màámi ò bá mi wí o. Wọ́n kàn dìde, wọ́n yọ Robb nínú báàgì wọn, wọ́n fi pa ọmọ láyà, wọ́n fi pa á lẹ́sẹ̀, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì fún un lórí ara wọn, wọ́n wá wò mí. Wíwò yẹn nìkan ju ìwàásù wákàtí méjì lọ.

Kò sílé Yorùbá tí wọn ò ti gbà pé òtútù ló ń fa ọ̀fìnkìn. Má jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, má jẹ́ kójò pa ẹ́, má mu omi tútù, ọyẹ́ ti dé lọ wọ súẹ́tà. Àwa tá a wà lókè òkun wá fi tiwa kún un, a ní oòrùn oṣù kẹta ò ṣeé gbára lé, ẹ̀tàn ni, ọmọ ò gbọdọ̀ jáde ṣeré títí di oṣù karùn-ún. Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni, àwọn ìyá àgbà òyìnbó náà ń pariwo lé ọmọ tí kò dé fìlà lórí. "Cold" ni wọ́n kúkú pe ọ̀fìnkìn, òtútù náà nìyẹn. Àwa náà pe èyí tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ní òtútù àyà. Orúkọ yẹn ti dá ẹjọ́ kẹ́nikẹ́ni tó wá jẹ́rìí.

Irọ́ ni jàre. Tàbí kí n ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ irọ́ ni, màá dé orí ìyókù.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń jẹ́ rhinovirus, oríṣi ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, torí ẹ̀ ni ara ò ṣe lè mọ gbogbo wọn tán, tí ọmọ kékeré fi lè ṣe ọ̀fìnkìn ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún kan kí dókítà sì ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Afẹ́fẹ́ tútù ò bí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní in ló ti ń wá, nínú èémí ẹ̀, nínú ikọ́ ẹ̀, lára ọwọ́ tó fi nu imú tó tún fi di ilẹ̀kùn mú. Tó bá sì ti wọ ọmọ lára, ó sábà máa ń tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó jáde síta.

Ó yá, ẹ bá mi kà á sẹ́yìn. Aago méjì ọ̀sán la dé páàkì, aago mẹ́jọ alẹ́ lọmọ sín. Wákàtí mẹ́fà péré, kò tíì tó. Mo wá lọ ṣí gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí nọ́sìrì wọn, èyí tí mi kì í kà torí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ jù. Tọ́sìdè, ìyá kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun ò ní lè wá, imú ẹ̀ ń dà. Fúráìdè, àwọn méjì míì. Ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ tèmi, wọ́n jọ ń fomi ṣeré nínú abọ́ kan náà ni, nínú yàrá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé ẹ̀ pa torí òtútù, ife tí èyí bá fi sẹ́nu lèyí náà máa fi sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan yàrá yẹn o. Páàkì ló jẹ̀bi.

Ẹ má rò pé èmi ni mo jókòó ronú ẹ̀. Àwọn kan ti dán an wò, ìdánwò tó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Lọ́dún 1946, lẹ́yìn ogun Hitler, ìjọba Britain dá ibùdó kan sílẹ̀ nítòsí Salisbury, ọ̀rọ̀ ọ̀fìnkìn nìkan ni wọ́n gbájú mọ́ níbẹ̀. Èèyàn á fínnúfíndọ̀ wá lo ọjọ́ mẹ́wàá, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, wọ́n á sì kán fáírọ́ọ̀sì sí i nímú. Dókítà Christopher Andrewes tó jẹ́ ọ̀gá wọn wá ní ká dán ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wò. Wọ́n ní káwọn kan wẹ omi gbígbóná, kí wọ́n má nura, kí wọ́n lọ dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa fi ìbọ̀sẹ̀ tó rin gbingbin rìn kiri. Àwọn tí wọ́n fi òtútù nìkan jẹ níyà, tí wọn ò kán nǹkan kan sí nímú, wọ́n gbọ̀n, eyín wọn ń lu ara wọn, àmọ́ ọ̀fìnkìn ò ṣe wọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Longyearbyen. Òkè lọ́hùn-ún ni, erékùṣù Spitsbergen tó wà lábẹ́ Norway, ibi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà òtútù, àwọn tó ń wa èédú ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà. Láàárín 1930 sí 1931 àwọn olùwádìí ń ṣọ́ ìlú yẹn, ta ló ń húkọ́, ta ló ń sín. Yìnyín ti dí ojú òkun, ọkọ̀ ò lè wọlé, àlejò ò lè dé, àwọn ara ilé nìkan ló ń bá ara wọn gbé. Nínú òtútù tó lè gé èèyàn létí yẹn, ọ̀fìnkìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílùú pátápátá. Ìgbà wo ló wá padà dé? Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni, tójú ọjọ́ ń dáa, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ìgbà tí òtútù ń lọ gan-an ni gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Inú imú àwọn tó tẹ̀lé ọkọ̀ ló gbà wọlé.

Ẹ sì tún fi Èkó wò ó. Lóṣù kẹta tí oòrùn ń ta bí iná, tí gbogbo èèyàn ń wá ibi tí fáànù wà, ṣé imú ọmọ kì í dà lÉkòó ni? Òtútù wo ló wá débẹ̀?

Àmọ́ kí n ṣòótọ́, ìyókù tí mo ní màá dé orí ẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2005 ní Cardiff, wọ́n mú ọgọ́sàn-án èèyàn, ìdajì ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ogún ìṣẹ́jú, ìdajì ki ẹsẹ̀ bọ abọ́ òfìfo. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, 13 nínú 90 tó ki ẹsẹ̀ bomi ní ọ̀fìnkìn ń ṣe àwọn, àwọn ti abọ́ òfìfo, 5 nínú 90. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ronald Eccles tó wà nídìí ẹ̀ ò ní omi tútù ló dá ọ̀fìnkìn sílẹ̀ o, ohun tó ní ó ṣeé ṣe ni pé àwọn yẹn ti ní fáírọ́ọ̀sì lára tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, pé bí ẹsẹ̀ ṣe tutù, ẹ̀jẹ̀ inú imú dín kù, ni fáírọ́ọ̀sì bá ráyè. Àwọn kan ní Yunifásítì Yale l'Amẹ́ríkà náà sì ti rí i pé rhinovirus máa ń pọ̀ sí i dáadáa nínú imú tó tutù ju inú ara lọ. Nítorí náà òtútù lè ṣílẹ̀kùn fún olè tó ti wà nínú ọgbà, n ò jiyàn, àmọ́ òun kọ́ ni olè. Màámi rí ti ilẹ̀kùn, wọn ò rí ti olè.

Ẹ óò wá ní kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà òtútù ló ń pọ̀ jù. Ẹ wo ilé yín láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Tiwa, fèrèsé ń làágùn lárọ̀ọ̀ọ̀rọ̀, aṣọ tútù wà lórí hítà, ògiri ti ń bu ní kọ̀rọ̀ yàrá àwọn ọmọ, dúdú dúdú, èmi náà ò ṣí fèrèsé torí owó gáàsì, ọmọ méjì wà lórí àga kan látàárọ̀ dalẹ́ wọ́n ń mí símú ara wọn. Ká tún wá lọ síbi ìkómọ lóṣù kejì, gbọ̀ngàn kan, igba èèyàn, ilẹ̀kùn pípa, gbogbo wa ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, à ń fẹnu kò ó lẹ́nu. Tọ́mọ yẹn bá húkọ́ lọ́jọ́ kẹta, ẹ óò gbọ́ pé wọn ò fi aṣọ bò ó dáadáa nígbà tí wọ́n ń gbé e dé mọ́tò. Wọn ò jẹ́ sọ pé pátì ni láéláé.

Ní Denmark, ní Finland, wọ́n máa ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ síta láti sùn nígbà òtútù, wọ́n á wé e dáadáa ṣá. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi, wọ́n ní ìyẹn kan àwọn tó bí wọn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kọ́mọ rìn níhòhò o, ẹ má fi mí sùn. Ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde, kóòtù ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn rárá, òtútù lè gbé ìrora dìde fún un, ẹ dé fìlà fún un, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì mú ìpààrọ̀ aṣọ dání torí òjò oṣù kẹrin. Èyí tó ní ikọ́ fée náà, afẹ́fẹ́ tútù lè dí i láyà. Ọmọ ọwọ́ ò lè sáré mú ara ẹ̀ gbóná, ẹ wé e. Ohun tí mò ń sọ ni ọmọ tára ẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń sáré, tó ń làágùn, tó bọ́ kóòtù torí pé ooru ń mú un. Ẹ fi í sílẹ̀, tó bá jókòó, ẹ wọ̀ ọ́ padà fún un.

Màámi tún wá dá ọgbọ́n kan, wọ́n ní kọ́mọ máa gba oòrùn ẹ̀ nídìí fèrèsé, inú ilé, kí atẹ́gùn má bàa kàn án. Ó dùn létí, àmọ́ gíláàsì kì í jẹ́ kí èyí tí ara fi ń ṣe fítámìn D nínú oòrùn kọjá. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nílùú yìí, láti oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù kẹta, oòrùn ò lágbára tó láti fún wa ní fítámìn yẹn rárá, ìparí oṣù kẹta ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà yẹn gan-an la wá ń ti ọmọ mọ́lé. Àwa aláwọ̀ dúdú sì nìyí, tara wa máa ń pẹ́ kó tó rí i tó. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, ní kí gbogbo èèyàn ronú àtimáa lo 10 microgram lóòjọ́ nígbà òtútù, kí àwa tá a ti Áfíríkà wá ronú nípa lílò ó yípo ọdún, kí wọ́n sì máa fún ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin lójoojúmọ́. Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe gbogbo imú tó ń dà lóṣù kẹrin ni ọ̀fìnkìn. Tójú bá ń yún ún, tíkun ẹ̀ ń ṣàn bí omi, tí ibà ò sí, tó lé lọ́sẹ̀ méjì, àtíkè inú òdòdó igi ló ṣeé ṣe kó máa dà á láàmú, ó sì máa ń mú ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbí láìṣe é rí. Ẹ lọ bá kẹ́míìsì, ẹ má fi àǹtíbáyótíìkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé gbá a, kò ràn án, kò sì ran ọ̀fìnkìn náà.

Ẹ ò bèèrè Màámi. Látọjọ́ Sọ́ńdè yẹn wọn ò tún yọjú síta. Hítà ń jó, ìró méjì, súẹ́tà, ọmọ lórí itan wọn, wọ́n ń fi etí ìró nu imú ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdè, mo wà ní kíṣìnnì, mo gbọ́ tí wọ́n sín, ẹ̀ẹ̀mẹta gbáko.

"Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kó o ràn yín?"

Wọ́n ní bẹ́ńṣì páàkì ọjọ́sí ni, pé irin ẹ̀ tutù jù. Mo lọ mú Robb wá fún wọn.