Ṣòkòtò Àgbàwọ̀ Kì í Bá Òǹkọ̀wé Mu

Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bani mu. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ aláṣọ rí kò ní kí n ṣàlàyé.

Inú ló ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ ìtàn àròsọ mú iṣẹ́ rẹ̀ tuntun wá. Mo ti mọ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: gbólóhùn rẹ̀ á gùn, á rìn gbẹ̀rẹ̀, á yà síbi tí èèyàn ò rò, á wá bá ọ láyà lójijì. N kò rí i nínú èyí. Gbólóhùn kúkúrú, kúkúrú, bí ẹni tó ń kólòlò. Mo ní ta ló kọ ọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Wọ́n ní ti tẹ́lẹ̀ gùn jù. Mo wá ní kí ẹ̀rọ bá mi tún un kọ kó lè dán."

Ó dán lóòótọ́, bí àwo tí wọ́n ti lá tán.

Ta ni "wọ́n" yìí gan-an? Ọ̀rẹ́ kan ní kó gé e, èkejì ní ìtàn ìfẹ́ ló ń tà, ẹ̀kẹta ní òwe pọ̀ jù níbẹ̀. N kò ní kí òǹkọ̀wé má gba àtúnṣe o. Ẹni tó fi àmì ohùn tí o ṣì hàn ọ́, tó sì sọ fún ọ pé ìtàn rẹ ń falẹ̀ lójú ìwé kẹrin, olóore rẹ ni. Ẹni tó ní kí o máa sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíràn, ó fẹ́ jà ọ́ lólè ni.

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard, ìwé ìtàn àròsọ tí Amos Tutùọlá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dáa. Ọkùnrin náà kò lọ yá ohùn ẹnikẹ́ni. Ní 1954, òmíràn jáde, ohùn kan náà ni.

Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ìwọ tí o ń bá ẹni tó ń ka iye àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un rìn, ṣé ó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwọ náà ti ń ka tìrẹ kí o tó kọ ìlà kan? Ojú kò tì ọ́? Ohun tí o fojú ara rẹ rí, tí kò jẹ́ kí o sùn, o wá gbé e fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ pé kó bá ọ sọ ọ́!

Mo dá ìwé náà padà. Mo ní kó lọ mú àkọ́kọ́ wá, èyí tó gùn, tó ní àṣìṣe, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Inú rẹ̀ kò dùn, n kò sì bẹ̀ ẹ́.