Ta ló ta ọ̀sà Àgbádárìgì fún yín?

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni kámẹ́rà ṣẹ̀ tí fóònù ò ṣẹ̀?

Ẹ lọ sí Marina Àgbádárìgì lọ́jọ́ Sátidé, létí ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì. Gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ọmọ iléèwé ń yà, tọkọtaya tuntun ń yà, àwọn tó bá bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wá láti Ìbàdàn ń yà, awakọ̀ ojú omi gan-an ń ṣe fídíò ara ẹ̀ fún TikTok. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Àmọ́ kí n ṣáà yọ kámẹ́rà mi nínú báàgì, kí n tó ṣí ìdérí lẹ́ńsì pàápàá, ẹnì kan lára àwọn bọ́ìsì tó ń gbowó létí ọ̀sà á ti yọ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fún yín láṣẹ?" Ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu ẹ̀: "Àbí oníròyìn ni yín?" Ẹnì kẹta kì í béèrè ọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, iye owó ló máa ń dá.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Nikon D3100 tòkunbọ̀ ni kámẹ́rà mi. 2010 ló jáde. Megapixel 14 péré ló ní, ìyẹn ni pé àmì tíńtìntín mílíọ̀nù 14 ló para pọ̀ di fọ́tò ẹ̀. Lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá, tí kì í fa nǹkan súnmọ́ra púpọ̀, ni mo ṣì ń lò, ohun tó bá sì wà lókèèrè, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ bá a. Samsung S23 Ultra tó jáde ní 2023, megapixel 200 ló wà nínú ẹ̀, ó tún ní lẹ́ńsì kan tó ń fa nǹkan súnmọ́ra ní ìlọ́po 10. Ẹni tó mú irú fóònù bẹ́ẹ̀ dání ní Marina lè dúró síbi tó wà kó ya apẹja tó wà láàárín ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Èmi tí mo gbé ẹ̀rọ arúgbó dání, èmi ni amí! Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ̀rọ lè rí ni wọ́n ń bẹ̀rù, ẹni tó yẹ kí wọ́n mú ń kọjá níwájú wọn, wọ́n tún ń bá a dúró ya selfie.

Irọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀rù. Bó ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò. Bí lẹ́ńsì bá ṣe gùn tó lowó ẹ̀ ń ga tó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Ìkòròdú bá mi jáde wá síbẹ̀, ó gbé lẹ́ńsì gígùn Canon 70-200 f/2.8 (f/2.8 ni pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀) dání, èyí tó funfun yẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó kílò kan àbọ̀. Canon kun àwọn lẹ́ńsì gígùn yẹn ní funfun kí oòrùn má baà mú inú wọn gbóná jù. Ọgbọ́n ni o, àmọ́ àwọn tó ronú ẹ̀ ní Japan ò mọ àwọn bọ́ìsì etí ọ̀sà. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti rí wa. Owó tí wọ́n pè é ju tèmi lọ fíìfíì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà kan náà la jọ kọjú sí, òun ò sì tíì ya ẹyọ kan. "Ọ̀gá, tiyín ni ti àwọn ẹni ńlá." Ó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, inú tó ń bí mi ni ò jẹ́.

Àwọn kan ní kí n ra mirrorless, irú kámẹ́rà ìgbàlódé kan, wọ́n ní ó kéré. Ara ẹ̀ ló kéré. Òótọ́ ni pé wọ́n ti yọ dígí inú ẹ̀ kúrò, àmọ́ ẹ so lẹ́ńsì f/2.8 tó gùn mọ́ ọn, kí ẹ wá wò ó bóyá wọn ò ní rí i. Àti pé owó dà? Èyí tí mo ń tu owó jọ fún báyìí ni lẹ́ńsì 50mm f/1.8 kékeré kan. Ti G tó ní mọ́tò nínú ni o, kì í ṣe ti D tí kò ní, torí D3100 ò ní mọ́tò tó máa yí lẹ́ńsì ti D fúnra ẹ̀. Ó fúyẹ́, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa nírọ̀lẹ́. Ẹ wá wo ayé mi: mò ń yan lẹ́ńsì, kì í ṣe torí fọ́tò tó máa yà, torí kí ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì má baà rí i ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó ẹnu ọ̀nà, mò ń san án, mi ò kùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà (CMS) kọ́ parí ní 1845, Marina yìí náà ló wà. Ilé tó ti pẹ́ tó yẹn ń fẹ́ àtúnṣe. Lọ́jà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, màmá kan tó ń ta ẹja àrọ̀ ní òun ò fẹ́ kí n ya òun. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo ní "Ẹ má bínú, mà," mo bá tèmi lọ. Òun ló ni ojú ẹ̀. Bí eégún Zàngbétò bá jáde tí àwọn àgbà Ègùn ní kí n má yà á, mi ò ní yà á. Ti bárékè àti àwọn ibi tí ìjọba ń ṣọ́, òfin àṣírí ìjọba ti 1962 wà nílẹ̀, mi ò débẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Igi àgbọn ńkọ́? Ìkùukùu ńkọ́? Ta ni mo jẹ lówó ìkùukùu?

Wọn ò tiẹ̀ gba owó nìkan. Ìmọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Oòrùn ilẹ̀ wa kì í rọra wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń pọ́n sórí omi nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, kí èèyàn tó jẹ ẹ̀bà tán, ó ti lọ. Èmi wá jókòó sínú gosíló láti Ọ̀jọ́, mo sanwó ọkọ̀ ojú omi, mo sanwó fún àwọn tó wà létí omi, torí mo fẹ́ ya Point of No Return ní Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sí ojú òkun, kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gúnlẹ̀ ní òdìkejì, ẹlòmíràn tún yọ. Mo ní mo ti sanwó. Ó ní ta ni mo san án fún? Mo júwe ẹni náà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ara wọn. Mo ní kó já rìsíìtì fún mi kí n san tiẹ̀ náà. "Rìsíìtì kẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá ẹ̀. Ibi tá a ti ń fà á ni oòrùn wọ̀ sí. Mo gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, dé 3200, ibi tó lè dé nìyẹn kó tó di àfipá ṣe, gbogbo fọ́tò yẹn rí wínniwínni.

Wọn ò sì gbà pé èèyàn lè máa yà á torí pé ó wù ú. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. "Lásán? Ẹ ò ní tà á fún òyìnbó?" Òyìnbó wo? Mi ò tíì rí kọ́bọ̀ nídìí ẹ̀ rí. Ìyàwó mi gan-an ń bi mí pé ìgbà wo ni kámẹ́rà yìí máa san owó bátìrì ẹ̀ padà. Bí mo bá rí òyìnbó tó fẹ́ ra ìkùukùu Àgbádárìgì lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni màá mú un wá bá àwọn bọ́ìsì yìí, ká jọ pín in.

Ẹni tó bá mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta ọ̀sà, kó júwe ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ san ti odindi ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n já rìsíìtì fún mi, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú lẹ́ńsì.