Igi birch, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀, ń fẹ́ ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ló gbà pé igi ìbílẹ̀ kò ní wàhálà: ẹ gbìn ín, ẹ bomi rin ín fún ọdún kan, ó parí. Irọ́ ni, ní ti paper birch, aláwọ̀ funfun tí gbogbo ayé ń fẹ́ síwájú ilé. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí wọn tí wọ́n ń gbẹ lójú koríko.

Ìbílẹ̀ ibo ni? Ilẹ̀ tútù ni ilé paper birch: Kánádà, Minnesota, Maine, àti New Hampshire tó fi í ṣe igi ìpínlẹ̀ wọn ní 1947. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé tó jábọ́ sí ìdí rẹ̀ nínú igbó lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ náà tutù, ó sì rin. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn, òkè ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń mu omi. Ilẹ̀ abẹ́ koríko tí oòrùn ń yan ńkọ́? Bí a bá gbìn ín síbẹ̀, àjèjì ló jẹ́, ì báà jẹ́ pé igbó rẹ̀ kò ju máìlì kan lọ.

Wọ́n á ní kòkòrò bronze birch borer ló pa á. Ọmọ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yẹn náà, ó ti pẹ́ tí òun àti birch ti jọ ń gbé. Igi tí ara rẹ̀ le máa ń borí ìdin rẹ̀ lábẹ́ èèpo. Èyí tí òǹgbẹ ti mú kò lágbára ìjà. Ṣóńṣó orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ẹ wo èèpo rẹ̀ dáadáa: ihò kékeré tó rí bíi lẹ́tà D ni kòkòrò náà gbà jáde. Bí ìdajì orí igi bá ti gbẹ, oògùn kì í sábà ràn án mọ́.

Ẹ gbìn ín sí ìhà àríwá tàbí ìlà-oòrùn ilé, kí ibòòji bo ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án, kí orí rẹ̀ sì rí oòrùn. Ẹ fi èérún igi bo ilẹ̀ yí i ká ní ìwọ̀n ìnǹsì 3, kó má kan ara igi. Bí òjò bá dá, ẹ bomi rin ín díẹ̀díẹ̀ kó wọlẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó. Ẹ má sì gé ẹ̀ka rẹ̀ láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, torí ojú ọgbẹ́ tuntun ń pe kòkòrò náà.

Níbi tí ooru ti mú, river birch ni kí ẹ gbìn. Èèpo tirẹ̀ kò funfun, àmọ́ borer kì í sábà rí i gbé ṣe. Ilẹ̀ tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ nìkan ni kò bá a lára mu. Ibẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú.