Orúkọ ẹja àrọ̀ kò bí mi nínú

Mo máa ń rí àwọn tó ń kọ ọ́ síbí pé òyìnbó ló sọ gbogbo ẹja wa lórúkọ, pé ìwọ̀sí ni. Tó bá kan ẹja àrọ̀, èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀.

Àrọ̀ tí ẹ̀ ń rí nínú bàsíà àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Sábó, nílé Ifẹ̀ níbí, onírùngbọ̀n mẹ́jọ, tí wọ́n ń fi nẹ́ẹ̀tì bò kó má baà fò jáde, tí wọ́n ń da iyọ̀ sí lára kó má yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ (omi ìbáà má kún bàsíà, kò ní kú, torí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè bíi tèmi tìẹ), Clarias gariepinus lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. William Burchell, ará Gẹ̀ẹ́sì tó rin gúúsù Áfíríkà já, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ lọ́dún 1822. Gariep ni odò tó ti rí i. Àwọn Khoe tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń pe odò náà bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi nìyí. Lọ́dún 1779, ọ̀gágun Robert Gordon ti sọ odò yẹn di Orange, kó lè fi yẹ́ ìdílé Orange tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Nẹ́dálándì sí. Orange náà ló ṣì wà nínú máàpù. Bí Burchell bá fi Orange pe ẹja, ta ni ì bá mú un? Gariep ló kọ.

Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko láyé ọjọ́un á rántí Clarias lazera. Ẹja kan náà ni. Ọdún 1840 ni lazera jáde, òfin àwọn onímọ̀ tó ń sọ ẹranko lórúkọ sì ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń dúró.

Ẹ tún wo mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Clarias agboyiensis, tí onímọ̀ ẹja kan tó ń jẹ́ Sydenham sọ lórúkọ lọ́dún 1980. Àgbòyí Èkó nìyẹn o! Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ ẹja yẹn ní Jàpáàn, àfi kó pe Àgbòyí.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n máa fi orúkọ ọ̀gá tàbí olówó kan sọ ẹja odò olódò. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ̀ ń gbé àwọ̀n wọ odò kiri nítorí iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, bí ẹ bá pàdé èyí tẹ́nì kan ò tíì kọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi súpáfáísọ̀ yín pè é. Odò tẹ́ ẹ ti bá a ni kẹ́ ẹ kọ. Bó bá ṣe Ẹ̀sìnmìrìn, ẹ jẹ́ kí òyìnbó náà fi kọ́ ẹnu.