"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ó ti sú mi!

Látìgbà tí bàbá mi ti kú ni màmá ti ń ti Kétu gba Pọ́bẹ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí torí owó opó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n á sanwó mọ́tò, wọ́n á tún gun zémíjàn (ọ̀kadà), tí wọ́n bá dé bùró báyìí àwọn ará ibẹ̀ á ní dósíè, ìyẹn àkójọ ìwé wọn, ò tíì pé, ọjọ́ mìíràn wọ́n á ní ọ̀gá ò sí ńlé. Ìwé kan náà tí wọ́n ti gbà lẹ́ẹ̀mejì! Ṣé sàráà ni ni? Bàbá ṣiṣẹ́ fún owó yẹn!

Èyí tó ń bí mi nínú jù, wọn ò ní sọ fún àgbàlagbà pé òfin wà. Tẹ́ ẹ bá kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí wọn tí wọ́n dákẹ́ ju oṣù 2 lọ, òfin ka ìdákẹ́ yẹn sí pé wọ́n kọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ lè gbé e lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ o. Médiateur de la République, ẹni tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iléeṣẹ́ ìjọba, náà wà, òfin 2009 ló dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ ṣáà gba ìwé tó ní ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, èmi àti màmá la jọ ń lọ, lẹ́tà á wà lọ́wọ́ mi.