Wáráńtì ọkọ̀ kì í kú nítorí pé mẹkáníìkì ìta pààrọ̀ ọ́ìlì

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston níbí, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí mẹkáníìkì ìta kankan ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà. “Ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì níta,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “ọjọ́ náà gan-an ni wáráńtì rẹ kú,” ìyẹn ìlérí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ pé òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò kan. Gbogbo àwọn tó jókòó yí wọn ká ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ti rí mẹkáníìkì kan tó mọṣẹ́ nítòsí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bó bá jẹ́ báyẹn ni, òun yóò máa san iyekíye tí díílà, ìyẹn ilé tó ta ọkọ̀ náà fún un, bá pè. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nílé ìgẹrun, níbi òkú àgbà, owó tó sì ti gbà lápò àwọn èèyàn wa kì í ṣe kékeré. Irọ́ ni. Ó ti di irọ́ tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó wọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1975 ni Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss Warranty Act. Òfin náà sọ pé iléeṣẹ́ tó bá fún oníbàárà ní wáráńtì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi dandan lé e pé ẹ̀yà ọkọ̀ tàbí iṣẹ́ tó ní orúkọ iléeṣẹ́ kan pàtó nìkan ni kó lò kí wáráńtì náà tó múlẹ̀, àyàfi bí iléeṣẹ́ náà bá ń fún un ní ẹ̀yà tàbí iṣẹ́ ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí bí FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bá fún iléeṣẹ́ náà láyè àrà ọ̀tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ díílà nìkan, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti ń gba owó, ẹ lè gbé owó yín lọ sí ibi tó bá wù yín.

Òfin náà kò sì dùbúlẹ̀ sínú ìwé lásán. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, àjọ FTC yìí kan náà fẹ̀sùn kan BMW nítorí ẹ̀ka rẹ̀ tó ń ta ọkọ̀ MINI, pé wọ́n ń sọ fún àwọn onímọ́tò pé wáráńtì yóò bàjẹ́ bí wọn kò bá lo ẹ̀yà ọkọ̀ MINI, kí díílà MINI sì ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa sọ níbi ìsọmọlórúkọ gan-an nìyẹn, kò yàtọ̀ rárá. Ẹjọ́ náà parí sí pé wọ́n ní kí BMW jáwọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ni MINI mọ ẹ̀tọ́ wọn. Lọ́dún 2018, FTC kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ mẹ́fà, àwọn tó ń ta ọkọ̀ wà lára wọn. Lọ́dún 2022, ó kan Harley-Davidson tó ń ṣe alùpùpù: wọ́n pàṣẹ fún un pé kó kọ ọ́ sínú ìwé wáráńtì rẹ̀ ní kedere pé gbígbé alùpùpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí kì í ṣe díílà kò ní pa wáráńtì náà. Bí iléeṣẹ́ ńlá báwọ̀nyí bá jìyà ọ̀rọ̀ náà, kí ló dé tí àwa fúnra wa tún ń bá wọn kéde rẹ̀ kiri?

Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ òfin gbọ́, kó ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kó mú ìwé wáráńtì tó wà níbẹ̀ jáde. Níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa èéfín ọkọ̀, yóò rí i pé ibikíbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ló lè tọ́jú àwọn ẹ̀yà tó ń mú èéfín dínkù. Níbẹ̀ náà ni yóò ti rí i pé òfin ìjọba àpapọ̀ fi ọdún mẹ́jọ tàbí 80,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, bo catalytic converter, ìyẹn ẹ̀yà tó ń mú kí èéfín ọkọ̀ mọ́, àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Mo mọ ẹni mẹ́ta tó ti fi owó ara wọn san catalytic converter nígbà tí ọdún yẹn kò tíì pé, torí pé wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé wáráńtì ti kú.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọkọ̀ mi ti rin 41,000 máìlì nígbà náà, wáráńtì ẹ́ńjìnnì àti gíà rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún márùn-ún tàbí 60,000. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lórí sìmẹ́ńtì níbi tí mo máa ń gbé e sí. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tan iná fóònù wò ó, mo sì rí i pé omi rédíétọ̀ ti ń jò lára wọ́tà pọ́ǹpù láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti gbẹ mọ́ ọn lára bí iyọ̀ ṣe máa ń gbẹ mọ́ etí ìkòkò. Ìwé wáráńtì mi dárúkọ wọ́tà pọ́ǹpù. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ díílà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gba oníbàárà wọlé wo ọkọ̀ náà, ó padà dé, ó ní iṣẹ́ náà yóò jẹ́ 1,140 dọ́là. Mo ní wáráńtì ńkọ́. Ó béèrè ibi tí mo ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan ní òpópónà Bissonnet ni. Ó mi orí bí ẹni tó ń báni kẹ́dùn, ó ní, “Ẹ má bínú o, alàgbà. Ìyẹn ti ba wáráńtì yín jẹ́.” N kò bá a jà. Mo ní kó kọ ohun tó sọ yẹn sórí ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ náà: pé wọ́n kọ̀ láti tún wọ́tà pọ́ǹpù ṣe lábẹ́ wáráńtì nítorí pé ẹlòmíràn ló pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kó sì fọwọ́ sí i. Ó dákẹ́. Ó fi bíírò ọwọ́ rẹ̀ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó ní òun ń bọ̀.

Ọ̀gá wọn ló jáde wá. Mo tú rìsíìtì márùn-ún kalẹ̀ níwájú rẹ̀ láti inú nálọ̀n kan. Ooru inú ọkọ̀ ti jẹ lára yíǹkì méjì nínú wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́, iye máìlì àti irú ọ́ìlì, 0W-20, ṣì hàn lórí gbogbo wọn. Ó kà wọ́n, ó wo ojú mi, ó sì béèrè bóyá mo lè fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ di ọ̀la. Nígbà tí mo padà lọ gbé e, òdo ni iye tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Kò sí lọ́yà, kò sí ariwo. Ohun kan ṣoṣo tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé mo ní kí wọ́n kọ irọ́ náà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ ọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kò ṣòro láti mọ̀ bí ẹ bá mọ bí owó ṣe ń rìn níbẹ̀. Díílà kọ́ ló ṣe ọkọ̀. Oníṣòwò tó dá dúró ni, tó gba àṣẹ láti máa ta ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà. Ní Texas níbí, òfin kò tilẹ̀ gba iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ láyè láti ní ilé díílà tirẹ̀. Iléeṣẹ́ ló fún yín ní wáráńtì, òun ló sì ń san owó iṣẹ́ náà fún díílà, wákàtí tó sì máa ń kà sí iṣẹ́ kan sábà máa ń kéré sí èyí tí díílà ń kà fún oníbàárà tó ń sanwó fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ibẹ̀ ló jẹ́ pé iye iṣẹ́ tí wọ́n bá parí ni wọ́n fi ń san owó fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gba oníbàárà wọlé ló sì ń jẹ komíṣọ̀n lórí ohun tí wọ́n bá tà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín sanwó ṣe wọ́n láǹfààní ju ẹ̀yin tí ẹ wá gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Bí díílà bá kọ̀ jálẹ̀, nọ́ńbà fóònù iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wà nínú ìwé wáráńtì kan náà. Ẹ pè wọ́n, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn, ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ díílà mìíràn tó ń ta irú ọkọ̀ kan náà, nítorí wáráńtì náà kò so mọ́ ilé kan. Ẹ má kúrò lọ́dọ̀ díílà rárá láìgba ìwé iṣẹ́, kódà bí wọ́n bá ní àwọn kò rí àléébù kankan. Ìwé wọ̀nyẹn ni ẹ̀rí tí ẹ máa lò bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú òfin Lemon Law ti Texas, èyí tó ń gbèjà ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun tí àléébù rẹ̀ kò tán, níbi tí ọ̀kan lára òṣùwọ̀n rẹ̀ ti jẹ́ pé ẹ ti gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe àléébù kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù mẹ́rìnlélógún tàbí 24,000 máìlì. 35 dọ́là péré ni owó ìwé ẹ̀sùn náà. Ní ti àléébù tí ìjọba ní kí iléeṣẹ́ pe ọkọ̀ padà fún, ìyẹn rìkọ́ọ̀lù, kò tilẹ̀ kan wáráńtì rárá: ọ̀fẹ́ ni fún ọkọ̀ tí kò bá tíì ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti wù kó máa tọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà díílà ń rí gbogbo nǹkan. Àléébù ọkọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà. Kò mọ orúkọ ẹni tó tú nọ́ọ̀tì ọ́ìlì. Àwọn mìíràn á ní àwọn mọ ẹnì kan tí wọ́n kọ̀ fún. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún, tó sì sanwó tó lọ sílé, kò fi hàn pé òfin wà lẹ́yìn ẹni tó kọ̀. Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá: ọ̀pọ̀ wa dàgbà sórí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kò ní wáráńtì kankan, nítorí náà ẹnu díílà ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wáráńtì jẹ́. Fún àwọn ẹbí wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń sọ ohun kan náà, òfin tiwọn náà jọ èyí, èyí tí wọ́n sì ń lò lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023.

Mo gbà pé bí mẹkáníìkì ìta bá da ọ́ìlì tí kò yẹ sínú ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì sì tìtorí rẹ̀ kú, iléeṣẹ́ lè kọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ṣùgbọ́n òun ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ́ìlì náà ló fà á, ìyókù wáráńtì sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rárá náà kò ní ẹjọ́ tó lè rò. Àfikún wáráńtì tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ sì ní àdéhùn tirẹ̀, kí olúkúlùkù ka ohun tó fọwọ́ sí.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, mo ní kó lọ mú ìwé wáráńtì wá láti inú ọkọ̀. Ó ka ibi tí mo júwe fún un sókè lórí fóònù, ó tún un kà, ó wá béèrè bóyá nálọ̀n lásán ti tó láti tọ́jú rìsíìtì. Mo ní kó máa ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nítorí ooru Houston.